Ọbẹ̀ Elégédé Ọjọ́ Ọdún

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ọdún tuntun, òórùn ọbẹ̀ elégédé ló jí Ketsia. Ìyá àgbà ti gbé ìkòkò kaná. Gbùlù, gbùlù, gbùlù!

Láyé ẹrú ní Haiti, àwọn baba ńlá wa ló ń se ọbẹ̀ yìí fún ọ̀gá wọn. Wọn ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ara wọn sílẹ̀, gbogbo wọn mu ún yó.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dá a mu.

Àlejò á dúró lẹ́nu géètì, á ké pé, "Ọlá o!" Onílé á dáhùn pé, "Ọ̀wọ̀ o!" Àwa kì í kan ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, àwọn ọlọ́pàá kan wá sí àdúgbò wa nílẹ̀ àjèjì tí à ń gbé. Gbà! Gbà! Gbà! Wọ́n mú bàbá ọ̀rẹ́ Ketsia, Naika, lọ, wọ́n ní kò ní ìwé ìgbélùú.

Láti ìgbà náà, gbogbo ilé ló ti ilẹ̀kùn pa.

"Ìyá àgbà, ta ló máa mu gbogbo ọbẹ̀ yìí?"

"Ìwọ alájẹkì ni," Ìyá àgbà dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Kó! Kó! Kó!

Ìyá àgbà pa iná. Àwọn méjèèjì rá wọ abẹ́ tábìlì.

Kó! Kó! Kó!

"Ṣé àwọn ni?"

"Ṣẹnu ẹ ní méní! Kò séèyàn nílé."

Ẹ̀rù ba Ketsia gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èèyàn wa ńkọ́? Èèyàn wa á mọ ìdáhùn.

Ketsia ké láti abẹ́ tábìlì pé, "Ọlá o!"

Ìyá àgbà fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "O ti pa wá!"



Ohùn kékeré kan dáhùn láti ìta pé, "Ọ̀wọ̀ o."

Ketsia sáré ṣílẹ̀kùn. Naika ni! Abọ́ òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi ń kanlẹ̀kùn bí ọlọ́pàá?" Ìyá àgbà bi í.

"Ẹ̀rù ń bà mí láti pariwo, mà. Màmá mi ò sebẹ̀. Wọn ò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì látìgbà tí wọ́n ti mú bàbá mi."

Ìyá àgbà sunkún. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì gbé ìkòkò. Ketsia kó ṣíbí.

Lẹ́nu géètì Naika, Ìyá àgbà ké tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́: "ỌLÁ O!"



"ỌLÁ O!" Ketsia náà ké.

Bẹ́ẹ̀dì dún: kẹ́ẹ̀. "Ọ̀wọ̀ o," Ìyá Naika dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n gbé ọbẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́.

"Ṣé bàbá mi ń mu ọbẹ̀ lónìí?" Naika béèrè.

Ìyá àgbà bu ọbẹ̀ sínú abọ́ rẹ̀.

Ìyá Naika dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gba ṣíbí. Ó mu díẹ̀. Ó tún mu díẹ̀ sí i.

Ó ní, "Màmá, iyọ̀ ọbẹ̀ yín kò tó."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín.