Gbólóhùn Kan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dúrọ́ọ̀mù

"Kí ló fa Ogun Àgbáyé Kìíní?" Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, olùkọ́ ìtàn, bi kíláàsì.

Rẹ̀míláyọ̀ ti nàwọ́ sókè kí ó tó sọ tán. "Ẹni tó yìnbọn pa àrólé ọba Ọ́stríà ni, sà!"

"Ìyẹn ló ṣáná. Ta ló kó igi jọ?" Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Jámánì ni kí á dá lẹ́bi. Àwọn kan ní májẹ̀mú ni, pé ẹni tó bá bá ọ̀rẹ́ mi jà ti bá mi jà. Àwọn mìíràn ní ìbẹ̀rù ni, tí kálukú ń sáré kó ọmọ ogun jọ kí èkejì tó kó tirẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ṣì ń jiyàn. Ẹ kọ èrò tiyín wá lọ́jọ́ Ajé."

Rẹ̀míláyọ̀ pòṣé nínú. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n kà, wọn ò lè fẹnu kò sórí ìdí kan ṣoṣo? Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀, Gbádégẹṣin, bíríkìlà ará Ìkirè tó ń ṣiṣẹ́ ní sáìtì kan ní Ìkàtẹ́. Omi ilẹ̀ ibẹ̀ níyọ̀, kò ṣe é po sìmẹ́ńtì, ọwọ́ mẹ́ruwà tó ń gbé omi kiri tà ni wọ́n ti ń ra omi. Àwọn bíríkìlà ní dúrọ́ọ̀mù tiwọn, àwọn onítáìsì ní tiwọn, ẹnì kan kì í bu ti ẹnì kejì láìtọrọ. Rẹ̀míláyọ̀ fi ife bu omi nínú èyí tó sún mọ́ ọn, ó fi ń ṣanwọ́. Ti àwọn onítáìsì ni.

"Ìwọ ọmọ yìí!" Kàmọ́rù, ọ̀gá wọn, kígbe. "Ta ló rán ẹ sí omi wa? Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà rárá. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti bú sẹ́rìn-ín, ojú sì ti Rẹ̀míláyọ̀ gidigidi. Ó sunkún tọ bàbá rẹ̀ lọ. "Bàbá, Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù tì mí ṣubú!"

Hàà! Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Gbádégẹṣin ju búlọ́ọ̀kù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn bíríkìlà ti búra tipẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kan gbogbo wọn, ni wọ́n bá tẹ̀ lé e. Àwọn onítáìsì rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gbé ṣọ́bìrì. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, ṣọ́bìrì ti ba ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Gbádégẹṣin, egungun sì kán. Ọ̀gá sáìtì gbọ́ pé Kàmọ́rù ló ti ọmọ ṣubú, ó sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, nílé wọn ní Àdó tí kò jìnnà sí Ìkàtẹ́, kálukú ló mọ ohun tó fa ìjà. Àwọn bíríkìlà ní ìgbéraga Kàmọ́rù ni. Àwọn onítáìsì ránṣẹ́ pé àwọn ì bá má gbé ṣọ́bìrì ká ní èrò ò dà bo àwọn. Ìyá Rẹ̀míláyọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìjọ aláṣọ funfun dé, ní iṣẹ́ Èṣù ni. Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Rẹ̀míláyọ̀ ṣí ìwé rẹ̀, kò rí nǹkan kọ. Ó wo bàbá rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì jìjàkadì pẹ̀lú bọ́tìnnì, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Kò tì mí. Irọ́ ni mo pa."

Gbádégẹṣin ò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. "Irọ́ rẹ burú," ó sọ bó ṣe ń fà á dìde. "Ṣùgbọ́n látìgbà tí a ti jiyàn lórí omi, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wá ohun tí màá fi bá Kàmọ́rù jà. Mi ò bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lo sọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n lọ sí ilé Kàmọ́rù ní Igbó Ẹfọ̀n. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, ó mi orí. "Èmi náà, ó yẹ kí n bi ọmọ bóyá ó mọ ẹni tó ni omi tó ń bù." Gbádégẹṣin pe ọ̀gá sáìtì níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò Kàmọ́rù. Ẹ̀bẹ̀ ò dá iṣẹ́ padà, kò sì to egungun.

Lọ́jọ́ Ajé, Rẹ̀míláyọ̀ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́. Ó kọ nípa ìbọn, májẹ̀mú àti ìbẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ pé: "Bí wọ́n bá bi èèyàn léèrè ohun tó fa ogun, ẹ̀bi ẹlòmíràn ló máa ń kọ́kọ́ kà. Kí kálukú kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Tèmi bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, nígbà tí mo sọ pé wọ́n tì mí ṣubú."