Láwàní Lórí Iyanrìn Gbígbóná

Bàtà pupa ni Dungar kọ́kọ́ rí, kí ó tó rí ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ó pupa fòò bí ata, ó sì ń yan bọ̀ láàárín pápá tí òjò máa ń gbà ṣàn wọ adágún omi Sujasar. Láti inú adágún yẹn ni ẹgbẹ̀rin ènìyàn ti ń mu omi láti òjò kan dé òmíràn. Kò sí ẹni tí í wọ bàtà kọjá níbẹ̀, ọkọ ìyàwó kò gbọdọ̀, ìránṣẹ́ ìjọba kò tó bẹ́ẹ̀.

"Bọ́ bàtà ẹ!" ni ó ké láti abẹ́ igi tí ó ti ń ṣọ́ pápá. "Ṣé inú omi tí à ń mu lo fẹ́ kó ìgbẹ́ ràkúnmí lọ ni?"

Ọmọbìnrin tí ó wọ bàtà náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó rọra bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e lérí bí ẹni gbé adé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, àfi bí ó ti fò sókè! Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù tí ó ṣáájú òjò, iyanrìn aginjù Thar sì gbóná tó èyí tí a lè fi yan ẹ̀pà.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n, omi yín ti mọ́ o, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti jinná!"

Àánú ṣe Dungar. Kò tilẹ̀ ronú. Ó tú láwàní orí rẹ̀, ogún ìgbọ̀nwọ́ aṣọ òwú, ó sì jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà bẹ́ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé Hanja, ìyá àgbà tí ó tọ́ Dungar dàgbà, ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ní ilẹ̀ yẹn, ọkùnrin tí ó bá tẹ́ láwàní sí ẹsẹ̀ ènìyàn ti kó gbogbo iyì rẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀. Kí wá ni àpọ́n lè máa bẹ ọmọge fún lọ́sàn-án gangan? Kí ọmọbìnrin náà tó dé òdìkejì pápá, ìyá àgbà ti pín ṣúgà ìdùnnú ìtọrọ ìyàwó dé ilé méje.

"Màmá, iyanrìn ló gbóná!"

"Mo gbọ́. Bàbá ńlá rẹ náà ní òtútù ló mú òun nígbà tèmi. Kálukú pẹ̀lú àwáwí tirẹ̀."

Jamna ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Pokar, bàbá rẹ̀, ni ó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga káàkiri agbègbè náà. Jamna ni ó sì ń kọ bí kànga kọ̀ọ̀kan ti jìn tó sínú ìwé. Wọ́n dúró sí ẹ̀bá Sujasar nítorí iṣẹ́ abúlé kejì. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ó ń wá sí etí omi, láìwọ bàtà, nígbà tí iyanrìn ṣì tutù.

"Ẹ̀gbọ́n Aláwàní, ẹ kú ìṣọ́ o. Ta lẹ tún tẹ́ ẹ fún lónìí?"

Dungar fi Ìwé Ọgbọ̀n Ọdún hàn án. Òun ni ó kọ ọ́, gbogbo ìlú sì tẹ̀ka sí i: bí wọn yóò ti tọ́jú pápá, bí wọn yóò ti máa kó ẹrẹ̀ inú adágún, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ọgbọ̀n ọdún. Ewúrẹ́ kan tilẹ̀ ti jẹ ojú ewé tí ó dá ewúrẹ́ lẹ́kun, Dungar sì ní láti tún un kọ.

Jamna kà á tán. "Ọmọ ọdún mélòó lẹ máa jẹ́ nígbà tó bá parí?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá ka ọdún ọ̀hún ni?"

Etí Dungar pupa bí bàtà ọjọ́sí. "Mo kàn bèèrè ni o," ni Jamna wí, ó sì sáré lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Dungar àti ìyá àgbà lọ tọrọ rẹ̀. Pokar onírunmú fún wọn ní wàrà kíkan, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Mo gbà! Ìdí tí mi ò fi tíì fi ọmọ mi fọ́kọ ni pé mi ò fẹ́ kó máa ru omi. Ẹ gbọ́ ẹ̀bùn mi: kànga ẹ̀rọ tó jìn tó ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà, láàárín ìlú yín. Ọ̀fẹ́!"

Ìyá àgbà ti dìde láti jó. Dungar mi orí.

"Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀. A ò lè gbà á."

"O ní kí ni?"

"Omi ìsàlẹ̀ yẹn, ti àwọn ọmọ tí Jamna máa bí ni. Mi ò lè fẹ́ ìyá, kí n tún mu omi àwọn ọmọ ẹ̀ tán."

"Ó kọ kànga mi!" Pokar fò dìde. "Kò sí kànga, kò sí ìyàwó. Ẹ máa lọ!"

Ìyá àgbà já Dungar léèékánná. "Gbà á, òpònú! Tá a bá ṣègbéyàwó tán, a ó dí i."

Ìgbà náà ni Jamna jáde, ó fi aṣọ borí, ìwé bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ka ìwé yín fún yín. Ọdún tí wọ́n bí mi, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà lẹ ti kan omi. Nígbà tí eyín iwájú mi yọ, ọ̀ọ́dúnrún. Ọdún tí mo jáde ilé ìwé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ̀rún, ó sì níyọ̀. Tó bá fi máa kan ọmọ-ọmọ mi, òdìkejì ayé lẹ̀rọ yín máa yọ sí. Àwọn tí kì í jẹ́ kí bàtà kan tẹ pápá wọn, ẹ̀yin wá fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà wọnú ẹ̀?"

Ẹni tí ó ń lé omi ló mọ bí omi ti ń sá tó. Pokar jókòó wọ̀ọ̀.

"Kí ni kí n wá fún ọmọ mi? Ẹ̀rọ àti ọkọ̀ akóyanrìn ni mo ní láyé."

"Bàbá," ni Dungar wí, "ẹrẹ̀ ogójì ọdún ló kún adágún wa. Agbọ̀n la fi ń kó o. Bẹ́ ẹ bá yá wa lọ́kọ̀ yẹn…"

Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Dungar ní kí wọ́n fọ táyà kí ó tó wọ pápá, nítorí bàtà ni táyà. Awakọ̀ ń ráhùn, ṣùgbọ́n Pokar fúnra rẹ̀ ló di búrọ́ọ̀ṣì mú, láìwọ bàtà, ó ń fò bí tata. Nígbà tí Ọlọ́run Olóore ṣí ojú ọ̀run, omi gun òkè dé ibi òkúta tí àwọn arúgbó nìkan ló rántí pé omi ti dé rí.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìgbéyàwó. Jamna dé etí pápá, bàtà pupa lọ́wọ́, gbogbo ìlú lẹ́yìn, ó sì dúró.

"Láwàní dà?"

"Iyanrìn tutù lónìí," ni Dungar wí.

"Mo mọ̀."

Dungar wo ojú rẹ̀. Ó tú láwàní ọkọ ìyàwó lórí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì wá àwáwí kankan.

"Ẹ̀yin ará," ni ìyá àgbà ké, "ṣé mo purọ́?"

Jamna kò tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó gbọn iyanrìn rẹ̀ nù, ó sì wé e padà sí orí ọkọ rẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún," ni ó wí sí i létí. "Tó bá pé, a ó jókòó kọ òmíràn."