Àmì Ìka Lójú Ẹ̀rọ Sikáànù

"Ọmọ náà ò wọlé."

"Ọmọ wo, mà?"

"Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Ó rò pé inú yàrá lòun wà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí lélẹ̀ ná. Iná ò tíì dé."

"Mi ò wá jókòó. Èwo lo fi ń wo inú àwọn obìnrin?"

Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ náà. Màmá àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n wọ aṣọ funfun àwọn Aládùúrà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì wà. Òórùn kòkó tí kò tíì gbẹ tán ń bọ̀ lára wọn. Wọ́n rọra rìn lọ sídìí ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Wọ́n fi ìka atọ́ka tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, wọn ò sì tètè gbé ìka náà kúrò, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ̀ka sórí ìwé. Mo rí i pé orí ìka náà ti gé. Kò sí èékánná níbẹ̀.

"Ibí yìí," ni wọ́n wí. "Tó bá dé, sọ fún un kó tú ọ̀já."

"Ta ni, mà?"

Wọ́n ti jáde.

Olúbísí lorúkọ mi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe sikáànù fáwọn aláboyún ní Aládé, ní Ìdànrè níbí. Ohun tí mo bá fojú rí ni mo máa ń kọ sílẹ̀, mi kì í bá wọn sọ àsọtẹ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀kan lára àwọn aríran ni màmá náà. Mo mú aṣọ, mo nu ojú ẹ̀rọ. Àmì ìka náà ò kúrò. Mo fi sípíríìtì nù ún, kò kúrò. Ìgbà tí mo gbé àgádágodo sórí tábìlì ni mo tó rántí pé títì ni mo bá ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ yẹn. Inú yàrá ni mo sì ti bá wọn.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá, iná dé. Obìnrin méjì wọlé. Ìbílọlá ni èyí tó kéré, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá láti Atosin, àgbà obìnrin nínú ìjọ wọn. Ìyá Dúrójaiyé ni wọ́n ń pè é.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa wo ọmọ wa," ni Ìyá Dúrójaiyé wí. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń kán. Mo ti gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n mo ní ká wá fojú rí i."

"Ẹ ṣeun, mà. Ṣé oyún kejì nìyí?"

"Ẹ̀kejì ni. Faith, àkọ́bí rẹ̀, ti pé ọdún mẹ́ta. Wẹ́rẹ́ ló bí i, bí àwọn obìnrin Hébérù. Ó jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ jó. Ọjọ́ yẹn ni mo fún un lọ́já yìí."

 Òkè àjà ni Ìbílọlá ń wò. Ọ̀já funfun kan fẹ̀ bo ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó so ó le.

"Ṣé wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ kankan fún yín rí?" ni mo bi í.

"Wọn ò ṣe é, Àǹtí."

Mo da jẹ́ẹ̀lì sí i lára, lókè ọ̀já náà, mo sì gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e. Ilé ọmọ rẹ̀ hàn. Ó ṣófo. Mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Bí yàrá tí wọ́n gbá, tí kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́.

"Ọmọ ńkọ́?" ni Ìyá Dúrójaiyé béèrè.

"Mi ò tíì rí i, mà."

"Àyẹ̀wò ìtọ̀ ní oyún wà o."

"Oyún wà, mà. Ibi tó wà ni mò ń wá."

Nígbà náà ni ojú mi bọ́ sí àmì ìka yẹn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, níbi tí àwòrán ti pa rẹ́, níbi tí ọ̀já náà ò jẹ́ kí ọwọ́ mi dé. 

"Àǹtí Ìbílọlá, ẹ tú ọ̀já yìí."

"A kì í tú u," ni Ìyá Dúrójaiyé dáhùn fún un. "Títí tó fi máa bí ni."

Ìbílọlá wò mí. Ó rọra mi orí pé rárá. Omi ti lé sí i lójú.

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Màmá kan wá síbí láàárọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín kí ẹ tú ọ̀já. Wọn ò dárúkọ ara wọn. Ìka atọ́ka wọn ti gé lórí."

 Mo rò pé kò gbọ́ mi. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá lọ síbi kókó ọ̀já náà, ó tú u, ó sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

Àpá iṣẹ́ abẹ ló wà níbẹ̀, ó dábùú ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

Fáànù ń dún. Ìyá Dúrójaiyé tẹjú mọ́ àpá náà.

"Ìbílọlá."

"Mà."

"Ta ló gé ẹ?"

"Dókítà ni, mà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé Faith jáde."

"Ṣé Dúró ọmọ mi mọ̀?"

"Ó mọ̀, mà. Àwa la jọ fi pa mọ́."

"Ẹ̀rí tó o jẹ́ ńkọ́?"

"Irọ́ ni, mà."

Mi ò dúró gbọ́ ohun tí Ìyá Dúrójaiyé máa sọ. Mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé orí àpá náà. Oyún náà hàn, ó rí roboto, ọkàn rẹ̀ ń lù pìpì. Inú àpá náà gan-an ló fara mọ́. Awọ tó kù láàárín rẹ̀ àti àpò ìtọ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà. Àmì ìka màmá yẹn sì bo oyún náà dọ́gba, kò yọ sókè, kò yọ sísàlẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ní oyún náà ò lè dàgbà níbẹ̀, pé tó bá tóbi sí i, ilé ọmọ lè ya, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà títí tí ẹ̀mí á fi lọ. Mo ní a tètè rí i, àwọn dókítà ní Àkúrẹ́ á lè gba ìyá là.

Ìyá Dúrójaiyé bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀já náà nílẹ̀, ó fi nu omi ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Mo fẹ́ bá ẹ wí," ló wí. "Màá bá ẹ wí gan-an ni. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ wà láàyè kí n tó lè bá ẹ wí. Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ lẹ́tà yẹn kíá. Mò ń lọ wá mọ́tò."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ìbílọlá padà wá, òun nìkan. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti yọ oyún náà ní Àkúrẹ́, ilé ọmọ rẹ̀ mọ́, àpá náà jinná, mo sì mí kanlẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti dìde níwájú ìjọ, òun ti sọ òtítọ́.

"Ìyá ọkọ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti bá mi wí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Dúró gba tiẹ̀ náà."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo mú aṣọ, mo nu ojú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ láti oṣù méjì. Àmì ìka náà bá aṣọ lọ, ní ìnù kan ṣoṣo.

Ìbílọlá rí i, mo sì sọ fún un pé màmá ọjọ́ yẹn ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán kan hàn mí: màmá aláṣọ funfun, níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, ọwọ́ wọn lórí itan. Ìka atọ́ka ò ní orí.

"Àdá ló gé e, lóko kòkó," ló wí. "Màmá mi ni. Nígbà iṣẹ́ abẹ yẹn, èmi, Dúró àti àwọn nìkan la mọ̀. A sin wọ́n ní Owena lọ́dún tó kọjá."

 Ó wé gèlè rẹ̀, ó mú báàgì. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú padà sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Àǹtí, tí wọ́n bá tún wá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti tú u."