Èérún Irin Ọjọ́bọ̀

Ẹnu mi yìí ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi Tekber, tí ìdí mi kì í kúrò lórí ẹní tíì, ni mo lé ẹni tí ì bá di ọkọ ọmọ-ọmọ mi lọ. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi náà ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, pàápàá nígbà tí kò bá sí ẹnì kankan nílé.

Suwelma, ọmọ-ọmọ mi, ló ń ṣọ́ ìlera àwọn òpó gíga tí afẹ́fẹ́ ń yí fún iná mànàmáná lẹ́yìn ìlú Tafáyà. Nínú àpótí jíà òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ka èérún irin tó bá bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí èérún bá ń pọ̀, jíà ti ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iye náà kò lè dá wá. Ènìyàn ní láti gun òpó, kó gbà á sínú fíláàṣì kọ̀ǹpútà, kó gbé e wálé, nítorí ilé ni Suwelma ti ń ṣiṣẹ́ kí n má baà dá wà.

Salek, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gun òpó, ló ń gbé e wá, ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀kùn, ọ́ìlì kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mélòó lónìí?" Suwelma bi í.

"Mọ́kànlá ní òpó kẹtàdínlógún. Ó ń kùn bí ìyàwó àgbà."

"Ibo lo ti mọ bí ìyàwó àgbà ṣe ń kùn?"

"Èmi tí mi ò tíì ní ìyàwó kankan," ló wí, ó sì wolẹ̀.

Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, Ọjọ́bọ̀ kan ò ní dé kí Suwelma má ró mẹ́láfà rẹ̀ tó dára jù, aṣọ tí àwa obìnrin ń wé láti orí dé ẹsẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ràn Salek.

Èmi ni inú mi ò dùn. Bí Salek bá ti gbúròó mi, á fa láwàní bo ẹnu, á yíjú sí ògiri. Mo bu tíì, kò mu. Mo gbé ẹja síwájú rẹ̀, ó ní òun ti yó. Mo ní agbéraga ni.

Ìgbà tí Lahsen, ọ̀gá wọn, wá jẹ ẹja lọ́dọ̀ mi, mo la ẹnu: "Ṣé ẹ ò lè ṣe é kí nọ́mbà yẹn máa wá fúnra rẹ̀? Mi ò fẹ́ rí ọmọkùnrin yẹn lẹ́nu ọ̀nà mi mọ́, àfi tó bá máa mu tíì."

Kò ju oṣù kan lọ, wọ́n gbé èríà tó ń fi nọ́mbà ránṣẹ́ sórí àwọn òpó. Nọ́mbà ń wọ kọ̀ǹpútà Suwelma láràárọ̀. Ọjọ́bọ̀ dé, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Suwelma jókòó pẹ̀lú mẹ́láfà tó dára jù. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń ti ilẹ̀kùn.

Mo ròyìn ìwà Salek fún Mbarka, aládùúgbò mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tekber, ọdún méjì ni ọkọ tìrẹ fi bo ẹnu níwájú ìyá rẹ. Ọkùnrin wo ló fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni, tí á máa mu tíì lójú àgbà ilé ọmọ náà? Ìtìjú àna ni."

Mo ti rò pé ẹni tó ń dé akoto, tó ń gun irin, ti sọ ìtìjú àtijọ́ nù.

Mo sáré lọ bá Lahsen. Ó wolẹ̀. "Ìyá, mo ti jíṣẹ́ yín fún Salek pé ẹ ò fẹ́ rí i mọ́. Ó ní kí n gbé òun lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Táńjà tó jìnnà réré."

"Ti tíì ńkọ́?"

"Mo rò pé àwàdà ni."

Àgbà ti kọ̀. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í béèrè ìdí.

Suwelma pè é lórí fóònù níwájú mi.

"Suwelma mi," ló ní, "ìyá mi ti tọrọ ọmọ àbúrò rẹ̀ fún mi. Ìdílé ọmọ náà ti gba ràkúnmí ìdána. Mi ò lè dójú tì wọ́n."

"O ò dúró."

"Wọ́n ní kí n má wá."

Suwelma ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Èérún òpó kẹtàdínlógún ti di ogún," ló wí.

"Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Má jẹ́ kó jẹ ara rẹ̀ tán."

Mo bu tíì fún Suwelma. "Dárí jì mí, ojú mi. Ó kéré tán, nọ́mbà ń wá."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "Nọ́mbà ń wá, Màmá. Ta ló máa wá kan ilẹ̀kùn?"