Ẹni Tó Wà Nídìí Ọkọ̀ Ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é ní àlá ọ̀sán. Mùílíù tó ṣojú rẹ̀ kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀, títí ó fi kú.

Ayé àwọn Faransé ni. Rájí, ẹ̀gbọ́n Mùílíù, kó epo pupa bọ̀ ní Kútọnu láti Àjàṣẹ́, ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bá kú sọ́nà Sẹ̀mẹ̀. Mùílíù ní ọkọ̀ tirẹ̀, ó lọ fà á. Kó tó kúrò nílé, Oyèníkẹ́, ìyá wọn, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin méjì péré ni mo bí. Fà á jẹ́jẹ́."

Wọ́n fi okùn nínípọn so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹni tí kò fa ọkọ̀ rí ló máa rò pé ẹni iwájú ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni ẹ̀yìn ni yóò máa tẹ bíréèkì kí okùn má bàa dẹ̀, kí ọkọ̀ rẹ̀ má sì kọlu ti iwájú. Bó bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, kí tiwájú máa lọ. Bó bá fọn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó dúró. Eruku ọyẹ́ bo ọ̀nà lọ́jọ́ náà, Mùílíù kò rí ẹ̀yìn rárá. Etí ló fi ń ríran.

Ní abúlé Agblangandan, wọ́n dúró kírun àsárì. Mùílíù tètè ṣe tán, ó padà sídìí ọkọ̀, ó ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kan. Ó gbéra.

Okùn náà kò dẹ̀ rárá. Inú Mùílíù dùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun mà mọṣẹ́ o. Ibi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ́ lọ síbi ojú irin, fèrè dún lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ ẹ̀yìn sì fa tiwájú dúró gbọn-in. Kó tó mí, rélùwéè la eruku kọjá níwájú rẹ̀. Ooru rẹ̀ kan án lójú.

Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan dákẹ́.

Ó sáré lọ sẹ́yìn láti dúpẹ́. Kò sẹ́nì kankan nínú ọkọ̀. Ó rò pé òun ti pa ọmọ ìyá òun sójú ọ̀nà. Ó bojú wo ilẹ̀ ọkọ̀. Bíréèkì ti wọlẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Mùílíù ṣí fìlà.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ló sọ. Kò mọ ẹni tó ń kí.

Kò pẹ́, ẹlẹ́ja kan fi kẹ̀kẹ́ gbé Rájí dé. Òógùn bò ó.

"O fi mí sílẹ̀ lórí ìrun. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ ń lọ, n kò lè já ìrun."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá fọn fèrè?"

"Mo ti forí kanlẹ̀ nígbà tó dún. Ìwọ ni mo rò."

Rájí wo inú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ọ̀wọ̀ ló pọ̀ jù lójú rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé, ó jókòó síbi tí èrò ń jókòó.

"Ta ni yóò wà á?" Mùílíù bi í.

"Ẹni tó ń wà á bọ̀."

Wọ́n gun afárá kọjá ọ̀sà, wọ́n wọ Gbégamey, àdúgbò wọn ní Kútọnu, kí ilẹ̀ tó ṣú. Okùn kò dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oyèníkẹ́ dì mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sunkún ayọ̀. Ohun tí Rájí rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí Mùílíù bá yọ ọ́ lẹ́nu jù, èsì kan ṣoṣo ló ń fún un.

"Ó mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ."