Márùn-ún Lọ́nà Márùn-ún

"Adéyẹmọ, ìwọ tí o gba òdo nínú ìṣirò lánàá, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìsọdipúpọ̀?"

Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn ní ẹ̀yìnkùlé Búrọ̀dá Theophilus ní Bódìjà, ní ọdún kejì tí a gba òmìnira. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Dùgbẹ̀ ni Búrọ̀dá, òun ló sì ń kọ́ àwa ọmọ iléèwé mélòó kan ní irin gbígbé. Irin wa kò ju ọ̀pá kan lọ, tí a ki agolo ọ̀dà tí a rọ sìmẹ́ńtì kún bọ̀ lápá méjèèjì: ńlá méjì, kékeré méjì. Tí oṣù bá parí, ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni yóò bá àwọn ọmọ Ring Road díje. Èmi tàbí Adéyẹmọ ni. Mo fẹ́ lọ débi pé mo ti ń juwọ́ sí èrò lójú àlá.

Iṣẹ́ gbé Búrọ̀dá lọ sí Òṣogbo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó lọ, ó fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri pé "5 × 5". Mo pẹ́ dé lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ àlàyé rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la máa gbé e," ni Adéyẹmọ wí. "Ká jókòó sinmi dáadáa, ká tún gbé e lẹ́ẹ̀marùn-ún, títí á fi pé ọ̀nà márùn-ún. Agolo ńlá ni o."

"Márùndínlọ́gbọ̀n ni," mo ní. "Kò sí ìjókòó nínú ìṣirò."

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó lè gbé agolo ńlá nígbà márùndínlọ́gbọ̀n léraléra. Mo yọ wọ́n, mo ki kékeré bọ̀ ọ́. Láwùmí àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á dúró, wọ́n á máa kà á fún mi sókè. Tí mo bá parí, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Adéyẹmọ ní tirẹ̀ á gbé agolo ńlá lẹ́ẹ̀marùn-ún péré, á lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọba Ìjókòó. Lọ́kàn mi, mo mọ̀ pé mo ń sá fún agolo ńlá yẹn, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ dùn.

Nígbà tí Búrọ̀dá dé, ó ki agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ irin.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Oyèbọ́lá, bọ́ síbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á. Irin kò mira. Mo tún fà á, ẹ̀yìn mi ká bíi ti ológbò tó rí ajá. Búrọ̀dá di apá mi mú.

"Fi sílẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń ṣe ara rẹ̀ léṣe nìyẹn."

Adéyẹmọ bọ́ síbẹ̀, ó na ẹ̀yìn gbọọrọ, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, irin sì bá a dìde. Ojú tì mí gan-an.

"Kí lo ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì?" Búrọ̀dá bi mí.

"Ohun tí ẹ kọ ni, sà. Márùndínlọ́gbọ̀n lójoojúmọ́, pẹ̀lú agolo kékeré."

Búrọ̀dá wo ògiri, ó wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Èyí tó fúyẹ́ tí à ń gbé lọ rẹpẹtẹ, kó má baà tètè rẹni ni. Agbára ni mo ní kí ẹ wá. Èyí tó wúwo, níwọ̀nba, pẹ̀lú ìsinmi, ló ń fún ẹ̀yìn lágbára. Ìjókòó yẹn wà nínú iṣẹ́. Adéyẹmọ ò sọ fún ẹ ni?"

"Ó sọ fún mi, sà."

"Kí ló dé tí o ò gbọ́?"



Adéyẹmọ ló lọ díje, ó sì borí. Èmi ni mo ru agolo dé Ring Road. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kọ́ mi bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ kí n fa irin wá síkùn, àti bí mo ṣe máa dìrọ̀ mọ́ ẹ̀ka máńgòrò kí n fa ara mi sókè, kí ẹ̀yìn mi lè le. Èmi náà ń kọ́ ọ ní ìṣirò.

Lọ́jọ́ Ajé kan, olùkọ́ wa bi í pé kí ni márùn-ún lọ́nà márùn-ún. Adéyẹmọ wojú mi.

"Ṣé ti kíláàsì ni, sà, àbí ti ẹ̀yìnkùlé?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ò tilẹ̀ bèèrè. Wọ́n sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo kọ etí ikún sí i. Ẹni tó gba òdo níbì kan lè gba ọgọ́rùn-ún níbòmíì. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ tẹ́tí sí i.