Gìtá Tí Kì Í Kùn

“Bí àwọn àlejò òní bá ti ń jáde, kí ìwọ náà máa tẹ̀lé wọn! Èmi ò lè bá olè gbélé!”

“Bàbá ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, n ò jí gìtá yín!”

“Ó dáa! Búra pé o ò fọwọ́ kàn án rí! Búra, kí n gbọ́!”

Ìyàwó yanu, ohùn ò jáde. Bó bá búra, irọ́ ló máa jẹ́, kò sì lè fi orúkọ Ọlọ́run parọ́. Bí kò bá búra, olè ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i báyìí?” Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mirí bí ẹni tí àánú ń ṣe. “Kò rí i búra. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún yín pé obìnrin yìí ò ṣe é fọkàn tán!”

Ẹ wo ìkà èèyàn! Òun ló dá ìjà sílẹ̀, òun ló tún ń da epo sí i. Fáàrí ni ìyàwó ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, nítorí pé ó fẹ́ràn àṣehàn ju oúnjẹ lọ, gbogbo ilé sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jẹ, ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin hòtẹ́ẹ̀lì ló sì ń jowú lójoojúmọ́.

Gìtá oníná ni wọ́n ń jà lé lórí. Maréńdà lorúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe gìtá tí gbogbo ayé ń rà. Ọkọ ṣe làálàá títí kó tó ní tirẹ̀, pupa fòò, tó ń dán bíi dígí. Inú àpótí ló máa ń tì í mọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan ó ṣí àpótí, ìrọ̀rí gbígbó kan ló bá níbẹ̀! Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló wà, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyàwó. Ta ni wọn ì bá tún fura sí? Olórin tí kò ní gìtá kò rí nǹkan ṣe lórí ìtàgé, kò sì pẹ́ tí Fáàrí fi gba ipò rẹ̀. Ó ní òun náà ti ra Maréńdà láti òkè òkun, dúdú bí èédú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó di ìyàwó lẹ́nu. Sípíríǹgì kéékèèké wà níkùn Maréńdà, lẹ́yìn. Bí olórin bá ti dáwọ́ dúró, àwọn sípíríǹgì yẹn ò ní í dákẹ́, wọ́n á máa kùn hùùù. Nígbà tí ọmọ wọn wà ní ìkókó, tí ara rẹ̀ ò yá, kíkùn yẹn kì í jẹ́ kó sùn. Ọkọ sì ti búra pé ẹni tó bá tú ẹ̀yìn gìtá òun máa kó jáde nílé òun. Ìyàwó fara da á títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ wà nílé ìwẹ̀, ó tú u, ó gé etí ṣọ́ọ̀lù ọmọ, ó kì í sábẹ́ sípíríǹgì, ó sì dé e padà. Kíkùn dópin, ọmọ sùn. Ọkọ ní gìtá òun ti gbó dáadáa ni, ó ń fi í yangàn kiri, ìyàwó sì pa ẹnu mọ́.

Àwọn tó ní Maréńdà máa ń péjọ láti ilé kan dé òmíràn. Ilé ọkọ yìí ló kàn lọ́jọ́ ìjà náà. Àṣà wọn ni pé kí kálukú gbé gìtá rẹ̀ lé itan, kó sọ èrò rẹ̀ nípa rẹ̀: ìyìn kan, ẹ̀sùn kan, láìparọ́. Ìyàwó ń gbé omi fún wọn, báàgì rẹ̀ tó ti dì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Ní gbogbo ìgbà tí àga kan bá dún, á rò pé ìpàdé ti parí, pé àkókò ti tó kóun fi ilé àti ọmọ òun sílẹ̀.

Alága wọn, dókítà eyín kan tó ti dàgbà, ló bẹ̀rẹ̀. “Ìyìn mi ni pé ọrùn ẹ̀ bá ọwọ́ mi mu. Àwọn ìka arúgbó yìí ṣì ń sáré lórí ẹ̀. Ẹ̀sùn mi ò yí padà: kíkùn ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn! Mo lè parí orin, kí n lọ mumi dé, kó ṣì máa kùn!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò tó jókòó tì í ní, “Ohùn tèmi dùn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo, èjìká mi ti fẹ́ wọ́! Ó sì ń kùn bí ìyá ọkọ.”

Ó kan Fáàrí. Ó na àyà síwájú. “Èmi ò ní ẹ̀sùn o! Tèmi kì í kùn rárá. Àwọn tó ń ráhùn yẹn, ọwọ́ wọn ni ò dáa. Ẹ gbọ́!”

Ó lu gbogbo okùn pọ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí hùùù kankan.

“Ṣé mo sọ fún yín!” ni ọkọ wí, òpè èèyàn! “Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn bó bá ti gbó. Ẹ máa ń pè mí lónírọ́!”

Ìyàwó kó àwọn ife sílẹ̀, ó gbá tíréè mọ́ra; ó ti mọ gìtá yẹn. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti jẹ́wọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ búra lé lórí. Bó bá dákẹ́, báàgì ń dúró dè é. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ẹ̀rín yẹn ló là á lẹ́nu.

“Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ẹ̀yìn gìtá yẹn.”

“Ta ló pe ẹlẹ́nu yìí sí i?” Fáàrí dìde fùú. “Olè tún fẹ́ kọ́ wa ní gìtá! Ẹ̀gbọ́n, ẹ lé e jáde!”

“Kí ló wà níbẹ̀, ìyàwó?” ni Alága bi í.

“Etí ṣọ́ọ̀lù ọmọ mi ni, sà. Yẹ́lò ni, ó ní àwòrán pẹ́pẹ́yẹ búlúù.” Omijé ń dà lójú rẹ̀. “Èmi ni mo kì í síbẹ̀. Èmi ni mo tú ẹ̀yìn gìtá ọkọ mi!”

Ọkọ dìde. Ojú rẹ̀ le débi pé ìyàwó fi tíréè bo àyà, ó ń retí ìgbátí. Fáàrí ní òun ń kánjú, òun ní ibi tí òun ń lọ, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Alága gba gìtá, ó tú súkúrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fa aṣọ kékeré kan jáde. Yẹ́lò ni. Pẹ́pẹ́yẹ búlúù wà níbẹ̀, kò ní orí.

Ìyàwó sáré lọ síbi báàgì, ó fa ṣọ́ọ̀lù yọ. Orí pẹ́pẹ́yẹ wà létí rẹ̀. Wọ́n fi méjèèjì kanra, ó bára mu rẹ́gí! Nínú ihò tí aṣọ náà ti jáde, níbi tí ọ̀dà dúdú ò dé, pupa fòò ló wà.

“Fáàrí!” Ohùn ọkọ já. “Ìwọ!”

“Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ èṣù ni!” Olè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Mo mú kọ́kọ́rọ́ ìyàwó nígbà tó ń wẹ ọmọ! Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń pè ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yin nìkan! Ẹ foríjì mí!”

“Hòtẹ́ẹ̀lì á gbọ́ lónìí,” ni Alága wí. “Ibi tí wọ́n bá ti ń lu gìtá nílùú yìí, o ò ní í débẹ̀ mọ́.” Wọ́n tì í jáde láìwọ bàtà, àwọn aládùúgbò sì ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Ìyàwó ò yọ̀. Ó lọ gbé báàgì rẹ̀, ó dúró síwájú ọkọ. “Ẹ búra pé ẹni tó bá tú u máa jáde. Mo tú u.”

Ọkọ wo aṣọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìyàwó. Lójú gbogbo àlejò, ó kúnlẹ̀ nílẹ̀ pálọ̀, ó gba báàgì, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Níbo lo máa ń kó èyí sí?” ló ń béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Èyí ńkọ́? Sọ fún mi, kí n lè kó o padà síbẹ̀.”